Ìwé Tí Ọkọ Rẹ̀ Yóò Kà

Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Igun kan nínú yàrá ẹ̀yìn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tún ti ń jò. Mo sún tábìlì kúrò, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀.

Lọ́yà wa dé lọ́sàn-án, omi ń sun nínú bàtà rẹ̀. Ó ní láti oṣù tó ń bọ̀, kóòtù ò ní gba ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wa nínú ímeèlì mọ́. PDF ni wọ́n fẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tirẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò ojú ọgbẹ́ àti ìbuwọ́lùwé, bó ṣe jáde látorí ìkànnì wa gẹ́lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà. Mo ní ìyẹn ò le. Fọ́ọ̀mù ti wà lórí ìkànnì, àwọn obìnrin ń kún un bí wọ́n bá ti wọlé sọ́dọ̀ wa. Plọ́gíìnì kan ṣoṣo la máa so mọ́ ọn, á sì máa sọ ohun tí wọ́n bá kọ di PDF fúnra rẹ̀. Irú plọ́gíìnì bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn.

Ìyá Ilé ń gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gba àwọn obìnrin tó sá fún ọkọ sínú ilé yìí, wọn kì í sì í tètè dá sí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí o bá fẹ́ yan nǹkan ọ̀hún, fara balẹ̀ yàn án. Ìwé tó máa gba èèyàn sílẹ̀, òun náà ló lè sọ ibi tó sá sí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ìgbà tí àwọn méjèèjì jáde tán ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo gbìyànjú èyí tí gbogbo ayé ń lò. Ọ̀fẹ́ ni. Kó tó di pé tíì mi tutù, mo ti so ó mọ́ fọ́ọ̀mù. Mo kún un bí ẹni pé èmi gan-an ni mo wá fẹjọ́ sùn: "Ọkọ mi lù mí lójú àwọn ọmọ." PDF jáde, ó mọ́, ó tẹ́jú, ṣùgbọ́n kò sí àmì kan lórí ọ̀rọ̀, kò sí ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo fi han Lọ́yà. Ó gbé ojú rẹ̀ le bí ẹni tó wà níwájú adájọ́, ó kà á sókè: "Oko mi lù mí." Ó wò mí. "Ẹ jọ̀ọ́, oko wo nìyẹn? Oko àgbàdo ni àbí oko ẹ̀wà?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá Ilé wọlé, wọ́n béèrè ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, a sọ fún wọn. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bí lọ́yà ọkọ rẹ̀ ṣe máa rẹ́rìn-ín náà nìyẹn, lójú adájọ́, tí obìnrin yẹn á sì dúró síbẹ̀ máa wò ó."

Mo yọ ọ́ dànù.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Ìkejì dára jù. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ dé fìlà, wọ́n wọ bàtà. Fọ́tò dúró síbi tó yẹ kó dúró. Owó rẹ̀ ò wọ́n. Mo ti fẹ́ pe Ìyá Ilé pé mo ti rí i.

Ohun tó dá mi dúró ni pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ìwé tó jáde, bí ẹni rán ọmọ níṣẹ́ tí ọmọ ń rìn lọ tó ń rìn bọ̀. Mo ka àdéhùn wọn láti òkè dé ilẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ló ń lọ lóòótọ́. Ńṣe ló ń kó ohun tí àwọn obìnrin bá kọ lọ sórí kọ̀ǹpútà àwọn tó ṣe é, ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di PDF kí wọ́n tó dá a padà. Mo kọ̀wé sí wọn pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń fi í pamọ́. Wọ́n fèsì kíákíá, pẹ̀lú ọ̀yàyà, pé kò ju oṣù kan lọ.

Oṣù kan. Ta ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn? Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ta sì ni àna rẹ̀?

Màmá mi gbé oúnjẹ síwájú mi, ó tutù sílẹ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Mi ò lè sọ ohunkóhun nípa ilé yẹn fún wọn, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ìyá mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Obìnrin kan wọlé lánàá. Aránṣọ ni, a sì ti ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pè é. Kékeré ni, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n di àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sínú báńdéèjì, ó wú bí ọmọ ìgò. Ọkọ rẹ̀ fi ilẹ̀kùn há a, ó sì gbára lé ilẹ̀kùn náà.

Ọkọ ọ̀hún ń tún fóònù ṣe. Aránṣọ ní, "Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ọkùnrin yẹn mọ inú fóònù ju bó ṣe mọ inú mi lọ." Orí tábìlì iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni fóònù tirẹ̀ wà nígbà tó sá jáde, kò dúró mú un.

Mo jókòó tì í, ó fi ọwọ́ òsì kún fọ́ọ̀mù. Tó bá kọ díẹ̀, á wo ilẹ̀kùn, á tún kọ. Mi ò kán an lójú.

Plọ́gíìnì kẹta ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di PDF. Orí ìkànnì wa níbí ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kò kó nǹkan kan lọ síta, àmì ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pé. Mo fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́yà. Ó ní ìwé náà dára, ojú kóòtù gbà á. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mélòó kan, oúnjẹ dùn lẹ́nu mi.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo mú Màmá lọ wo ojú. A wà lórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń dúró de nọ́ọ̀sì, ni Lọ́yà pè pé líǹkì ìwé Aránṣọ ò ṣí lọ́dọ̀ òun mọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù mi.

Ó ṣí.

Kò béèrè ẹni tí mo jẹ́. Mi ò sì fi fóònù yìí wọ ìkànnì wa rí. Mo wo àdírẹ́sì tó wà lókè, nọ́ńbà ló fi parí. Mo yí nọ́ńbà yẹn padà sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìwé obìnrin mìíràn ṣí, pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó wú.

Ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé tó bá lè ka ení, èjì, lè máa ṣí àwọn ìyá wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí ìkòkò.

Màmá ní, "Kí ló dé? Ojú rẹ ti yí padà." Mo ní bátìrì mi ló fẹ́ kú. Ibi tí mo jókòó sí náà ni mo ti ti gbogbo ìkànnì pa. Nọ́ọ̀sì pe Màmá wọlé, mo ṣì ń tẹ fóònù lọ́wọ́. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló bá mi dì wọ́n lápá mú.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo wo àkọsílẹ̀ àwọn tó ti ṣí ìwé. Ti àwọn obìnrin yòókù, kò sí ẹlòmíràn àfi èmi àti Lọ́yà. Ti Aránṣọ, fóònù kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀. Ó ṣí i láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó sì tún padà wá ṣí i lọ́jọ́ kejì.

Mo ń ro ó pé níbo ni onítọ̀hún ti rí líǹkì. Ìgbà tí mo yẹ plọ́gíìnì náà wò fínnífínní ni mo rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kún fọ́ọ̀mù tán, plọ́gíìnì á fi líǹkì ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹni náà fúnra rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, bó ṣe dé látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é nìyẹn. Ímeèlì Aránṣọ sì wà nínú fóònù tó wà lórí tábìlì ọkọ rẹ̀.

Nínú ìwé yẹn, orúkọ àdúgbò wa wà níbẹ̀, ilé wa wà níbẹ̀, yàrá tó ti ń sùn wà níbẹ̀.

Mo lọ bá Ìyá Ilé ní kíṣìnnì, mo sọ fún wọn. Mo rò pé wọ́n á bú mi. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Lọ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá. Má sọ ìdí rẹ̀ fún un, ìbẹ̀rù tó wà lára rẹ̀ ti tó o." Wọ́n sọ fún Aránṣọ pé a fẹ́ tún òrùlé yàrá rẹ̀ ṣe. Ó kó àlùmọ́gàjí, okùn ìwọ̀n àti ẹ̀wù méjì, ó wọ ọkọ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. A gbé e lọ sí ilé àbúrò Ìyá Ilé, ní òdìkejì odò.

Àwọn yòókù ṣì wà nínú ilé. A fi igi dábùú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọkùnrin kan dúró lódìkejì títì pẹ̀lú agbòòrùn dúdú, kò lọ, kò bọ̀. Mo wò ó láti ẹ̀yìn kọ́tìnì títí ọrùn fi ń dùn mí. Ó yá, ìyàwó rẹ̀ jáde láti ilé kejì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n jọ lọ. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

A gbọ́dọ̀ yí páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì Aránṣọ padà, mi ò sì lè ṣe ìyẹn láìsọ òótọ́ fún un. Mo lọ bá a. Ó ti ń fi ọwọ́ òsì ran etí kọ́tìnì onílé. Mo ní, "Àbúrò mi, ẹnì kan ti ṣí ìwé rẹ, mo sì ń bẹ̀rù pé ọkọ rẹ ni."

Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Lọ́jọ́ wo?"

"Ọjọ́rú. Ó tún ṣí i lọ́jọ́ kejì."

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, èmi ni."

Mo ní kó tún un sọ.

"Èmi ni. Mo yá fóònù alásè tó ń dáná fún wa, mo fi ṣí ímeèlì mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bí mo ṣe sọ ọ́ ló ṣe wà níbẹ̀." Ó ń fa okùn tó wà lára kọ́tìnì. "Nílé, tí mo bá sọ nǹkan lónìí, tó bá di ọ̀la, á ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Á ní orí mi ò pé. Ó pẹ́ tó ti ń sọ ọ́, èmi náà ti wá ń gbà pé orí mi ò pé. Mo ka ìwé yẹn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo padà lọ kà á. Kò yí padà."

Mo pe alásè, mo ní kó sọ irú fóònù tó ń lò àti ọjọ́ tó yá a fún un. Òun gan-an ni. Aránṣọ ní nígbà tí òun ṣí ímeèlì yẹn, lẹ́tà rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni ò tíì kà á. A yí páásíwọ́ọ̀dù padà lójú ẹsẹ̀.

Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, mo sunkún. Òun ló ń fi ọwọ́ tó ń dùn ún pa mí lẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo ti ra plọ́gíìnì kẹrin. Orí ìkànnì wa níbí lòun náà ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí ará ìta ò lè dé ló ń kó ìwé sí. Ó máa ń béèrè ẹni tí o jẹ́ kó tó ṣílẹ̀kùn, líǹkì rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó kú. Kì í fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí mi ò bá ní kó fi ránṣẹ́. Mo ṣe bí olè sí i láti àárọ̀. Mo fi fóònù Màmá gbìyànjú, mo fi ti alásè, mo yí nọ́ńbà síwá sẹ́yìn. Kò ṣí. Mo ṣí ìkànnì padà.

Lọ́yà dé bí mo ṣe ń ṣe ìyẹn lọ́wọ́. Ó ní wọ́n ti dá ọjọ́ fún ẹjọ́ Aránṣọ, Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní, "Tó bá di Ìṣẹ́gun, màá fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀dà kí ni?"

"Ẹ̀dà ìwé yìí. Òfin ni. Wọn ò lè dá ẹjọ́ ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n fi sùn ún."

Mo ṣí ìwé náà síwájú wa méjèèjì. Ó kà á, ó dé àárín rẹ̀, níbi tí a kọ "Ibi tí mo ń gbé báyìí" sí. Ó fi ìka lé e, ó wò mí. Mo ní ṣé ó lè fi yíǹkì pa á rẹ́. Ó ní kóòtù ò ní gba ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kàn.

Gbogbo ọjọ́ yìí, ẹni tó máa jí ìwé náà ni mo ń bẹ̀rù. Àwa fúnra wa la fẹ́ gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Plọ́gíìnì náà gbà mí láyè láti yan àwọ̀ ọ̀rọ̀. Mo sọ ìlà yẹn di funfun lórí ìwé funfun. Mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e sójú iná. Kò sí nǹkan kan. Mo jó díẹ̀ nínú yàrá, èmi nìkan.

Ní ọ̀sán, mo fẹ́ ṣẹ̀dà gbólóhùn kan nínú rẹ̀ fún Lọ́yà. Ọwọ́ mi ṣèèṣì fa gbogbo ojú ìwé, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú lẹ́tà mi. Ilé wa jáde, àdúgbò, yàrá, ó dúdú rékété láàárín ọ̀rọ̀ yòókù. Mo wá rí i pé orúkọ fáìlì gan-an ní nọ́ńbà yàrá nínú. Ẹni tó ń fi fóònù jẹun, báwo ni kò ṣe ní fa ojú ìwé kan wò?

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe plọ́gíìnì náà. Obìnrin kan ló dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò gùn. Ó ní kí n má fi nǹkan kan bo nǹkan kan. Ó ní kí n ṣe ìwé méjì láti inú fọ́ọ̀mù kan, èyí tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ fún wa, àti èyí tí ìlà yẹn kò tilẹ̀ wọ inú rẹ̀ rárá fún kóòtù. Ohun tí a kò bá fi sápò, olè ò lè fà á yọ níbẹ̀.

Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo yí orúkọ fáìlì padà. Mo fa ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́, mo kà á. Mo tún fà á. Kò sí níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo tẹ ìwé kóòtù, mo gbé e fún Ìyá Ilé kí wọ́n kà á kí Lọ́yà tó mú un lọ. Wọ́n wọ awò ojú wọn. Wọ́n kà á tán, ojú wọn padà sórí fọ́tò ọwọ́ Aránṣọ, wọn ò gbé e kúrò níbẹ̀.

"Kí ni èyí?"

Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ni.

"Mo rí ọwọ́. Lẹ́yìn ọwọ́ ńkọ́?"

Fèrèsé wà lẹ́yìn ọwọ́ náà. Nínú fèrèsé, pátákó ilé ìwé tó wà lódìkejì títì, tó ṣeé kà dáadáa.

Mo wakọ̀ lọ sí òdìkejì odò nínú òjò, mo ya ọwọ́ Aránṣọ lórí aṣọ funfun kan tó tẹ́ sórí tábìlì, ó kún fọ́ọ̀mù tuntun, ó sì buwọ́ lù ú. Mo béèrè bóyá ó fẹ́ yí nǹkan kan padà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní rárá.

Ìyá Ilé wo ti tuntun yẹn pẹ́ títí. Wọ́n ní, "Kí ó máa lọ." Lọ́yà fi í sínú àpò ìwé, ó lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọkọ Aránṣọ á ti kà á báyìí. Gbogbo ìgbà tí géètì bá dún, ọkàn mi a lọ síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi tó dìde.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Yàrá kóòtù kéré, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná, fáànù kan ń yí lókè bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo jókòó lẹ́yìn Aránṣọ, Ìyá Ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ti ń retí ẹni tí ojú rẹ̀ le. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wọlé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó ń kí gbogbo èèyàn. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Mo dá a lóhùn kí n tó mọ ẹni tí ó jẹ́. Aránṣọ ò yíjú, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó le gan-an.

Lọ́yà ọkọ dìde, ó ní ìyàwó oníbàárà òun ò mọ ohun tó ń sọ, ó ní ó ti pẹ́ tí ara rẹ̀ ò ti yá, ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n kọ ọ́ fún un ni. Adájọ́, obìnrin àgbàlagbà kan, gbé PDF náà sókè, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó wo Aránṣọ.

"Ṣé bó o ṣe sọ ọ́ nìyí?"

Aránṣọ dìde. Ohùn rẹ̀ ò dún ju ti fáànù lọ. "Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, mà."

Adájọ́ pàṣẹ pé ọkọ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, kò gbọ́dọ̀ pè é, kò gbọ́dọ̀ rán ẹnikẹ́ni sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀.

Bó ṣe ń kọ ọ́ lọ, mi ò wò ó. Ọkọ ni mo ń wò. Ẹ̀dà tirẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé e, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà. Ó dé ibi fọ́tò, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Funfun ni. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án kó lè tẹ́jú dáadáa, ó sì gbójú sókè wò mí.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn la gbà jáde. Òjò ò rọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì tutù. Aránṣọ di apá mi mú. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, ó béèrè lọ́wọ́ mi, ohùn rẹ̀ ò yí padà, "Àǹtí, kí ló ń wá lẹ́yìn ìwé yẹn?"

Mo ní, "Ibi tí ò ń sùn ni."

Ìyá Ilé wo dígí ọkọ̀, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní kí n gba ọ̀nà tó jìn.

Ọ̀nà tó jìn la gbà.